Kì í Ṣe Ará Ilé Mi Ló Gé Ìka Mi

Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan ní Ìbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ gba ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Ẹ̀rọ tó ń tẹ fùláwà tí a ti pò ni, irin roboto méjì ló ń yí pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ṣe irin pẹlẹbẹ kan bò ó kí ọwọ́ èèyàn má baà wọlé. Ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì, ní kí wọ́n tú ìbòrí náà kúrò. Wọ́n ní ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mò ń ti fùláwà sẹ́nu ẹ̀rọ ni irin fa ọwọ́ mi. Mi ò tiẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Igbe ìyá Ẹ̀gùn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni mo gbọ́. Òun ló sáré pa ẹ̀rọ, ó fi ìborùn rẹ̀ di ọwọ́ mi, a bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ó di ọsibítù ní Òkókómaíkò.

Lọ́jọ́ kejì, Dádì gbé búrẹ́dì àti òróró àdúrà wá.

"Sísítà, gbàdúrà gidigidi o. Àwọn ará ilé yín ò sùn. Ẹ̀rọ yẹn ò ṣe ẹnikẹ́ni rí."

Ìyá mi tó jókòó tì mí ti ń ṣe àmín. Mo wo báńdéèjì ọwọ́ mi.

"Dádì, ṣé àwọn ará ilé mi ló tú ìbòrí ẹ̀rọ?"

Ìyá mi fọwọ́ gún mi nítan. Dádì gbé òróró wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Mi ò fẹnu kan búrẹ́dì náà.

Ìyá mi bẹ̀ mí títí pé ká fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo ní, "Màámi, Ọlọ́run kì í bínú sí ẹni tó béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀."

Nígbà tí egbò jinná, mo padà sí Ìbà. Wọ́n ti fi obìnrin mìíràn sídìí ẹ̀rọ, ihò ẹ̀rọ ṣì là sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo na ọwọ́ mi sí i lójú.

"Wò ó dáadáa. Bí tìẹ náà ṣe máa rí nìyí."

Dádì pariwo: "Ta ló rán ẹ wá ba iṣẹ́ mi jẹ́?"

"Àwọn ìka tó ṣẹ́ kù ni, sà."

Ìyá Ẹ̀gùn pa ẹ̀rọ, ó lọ jókòó sórí àpò fùláwà. Àwọn yòókù jókòó tì í. Fùláwà tó ti ní ìwúkàrà kì í dúró de ọ̀gá: ó wú, ó wú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kún jáde nínú ọpọ́n. Kó tó di ọ̀sán, wẹ́dà tí Dádì sáré pè ti ń jó ìbòrí padà sójú ẹ̀rọ.

Tèmi ò parí síbẹ̀. Mi ò padà sẹ́nu iṣẹ́ náà mọ́, àmọ́ mò ń lọ, mò ń bọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, títí wọ́n fi ránṣẹ́ pe Dádì. Lọ́jọ́ tí Dádì máa san owó ìka mi, wọ́n ní owó gbà-má-bínú ni àwọn mú wá.

Ọwọ́ ọ̀tún yẹn gan-an ni mo fi gbà á.

"Ẹ ṣé, sà. Ẹ̀tọ́ mi ni mo gbà. Inú ṣì ń bí mi."