Ìkúnlẹ̀ Ọmọ Náà Níwájú Adájọ́

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé ẹni tó bá ti mọ òfin ti mọ ọ̀nà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà náà, iṣẹ́ títọ́jú ọkàn àwọn ọmọdé tí wọ́n fìyà jẹ nínú ilé. Táì kì í kúrò lọ́rùn mi, àfi bí ẹni pé òun ni yóò gbèjà wọn.

Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan ló mú ọmọbìnrin náà wá. Kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, tó gbà á tọ́ lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, ti fi ṣíbí gbígbóná jó o lẹ́yìn; obìnrin náà ní ọmọ ló fẹ̀yìn kan àdògán. Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀. Mo fún un ní amọ̀. Ó fi mọ ènìyàn, ó sì ń fi igi tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Bí ó bá gbọ́ ohùn tó jọ ti obìnrin náà, yóò tọ̀ sára.

Olórí ẹbí wọn wá bá mi. "Dókítà, ọ̀rọ̀ ulé kì í ṣe ohun à ń gbé lọ sí kóòtù. A kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́."

"Bàbá, ta ni ọmọ yìí fẹ́ bá ṣọ̀rẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ìwé ti yí yín lórí."

Ohun kan ṣoṣo ni èmi àti olùkọ́ náà bẹ kóòtù fún: kí wọ́n má ṣe dá ọmọ padà sí ilé yẹn. Òfin ní ire ọmọ ni kí á fi ṣáájú. Ó sì yọ̀ǹda kí á gbọ́ ẹjọ́ irú rẹ̀ níbi tí kò ti ní fojú kan ẹni tó fìyà jẹ ẹ́. Adájọ́ ní kóòtù òun kò ní irú yàrá bẹ́ẹ̀; kí wọ́n mú un wọlé.

Ó wọlé, ó rí obìnrin náà. Ẹ̀kọ́ ilé wa kò sì gbà kí ọmọ rí àgbà kó dúró gan-n-gan. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́yà obìnrin náà dìde fùú. "Olúwa mi, wọ́n mà ní kì í sọ̀rọ̀! Odi tó ń kí àgbà! Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń bẹ̀rù ènìyàn?"

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún adájọ́ pé ìbẹ̀rù gan-an ló kúnlẹ̀ yẹn. Adájọ́ ní kí n jókòó, pé ère amọ̀ tí mo mú wá kì í ṣe ẹ̀rí. Wọ́n dá ọmọ padà.

Nígbà tí wọ́n fà á dìde, símẹ́ńtì ibi tó kúnlẹ̀ sí ti tutù fún ìtọ̀. Mo nàka sí i, mo pariwo. Òṣìṣẹ́ kóòtù kan ti ju àkísà lé e.

N kò tún fojú kàn án mọ́. Mo kọ èyí kí ayé lè mọ̀ pé òfin wà, yàrá ni kò sí. Títí di òní, bí ọmọ kékeré bá kúnlẹ̀ kí àgbà, tí gbogbo ilé ń yìn ín pé ó lẹ́kọ̀ọ́, èmi, ilẹ̀ ni mo máa ń wò.