Bàbá Ògúntádé àti Oògùn Tí Wọn Kò Fún Un

Títí di òní, bí àwọn ará Fọlá Agoro ní Bàríga bá ń rántí olóògbé Bàbá Ògúntádé, káfíńtà, ọjọ́ tó lọ ná oògùn nílé ìwòsàn aboyún ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ.

Ní nǹkan bí ọdún 1958, Bàbá sin Folúkẹ́, ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó lóyún, lọ fún àyẹ̀wò. Nọ́ọ̀sì Tabitha fún Folúkẹ́ ní ìgò pé kó tọ̀ sí i. Bàbá náà nawọ́.

"Bàbá, aboyún là ń yẹ̀ wò."

"Àtàárọ̀ ni mo ti tò síbí. Ẹni tó bá tò, ẹ jẹ́ kó tọ̀!"

Aboyún kan rẹ́rìn-ín títí, ó ní bí wọn ò bá tètè fún bàbá yìí ní ìgò, òun á bímọ síbẹ̀. Ni nọ́ọ̀sì bá fún Bàbá ní ìgò tirẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà lọ gbọ́ èsì, dókítà ní kòkòrò wà nínú ìtọ̀ àwọn méjèèjì. Ẹnu ya Folúkẹ́. Kò síbi kankan tó ń dùn ún.

"Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn," ni dókítà wí. "Ṣùgbọ́n lára aboyún, ó lè gòkè lọ bá kíndìnrín, kí ibà dé, kí ọmọ sì wá láìpé oṣù." Ó fún Folúkẹ́ ní oògùn. Ó ní kí Bàbá máa lọ sílé: níwọ̀n bí kò ti sí ibà, tí ìtọ̀ kì í sì í ta á, oògùn lè yọ ọ́ lẹ́nu ju kòkòrò náà lọ. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, kó sáré padà wá.

"Kòkòrò kan náà! Ìyàwó gba oògùn, èmi gba 'ó dàbọ̀'?" Bàbá fa àga sún mọ́ tábìlì. "Ó dáa, ẹ fún mi ní ìdajì."

"Rárá, Bàbá."

"Ẹyọ kan ńkọ́?"

"Rárá, sà."

"Ẹ jẹ́ kí n lá a, kí n dá a padà."

Ẹni tó máa ń ná pákó títí ẹni tó ń tà á á fi fẹ́ sunkún, ọwọ́ òfìfo ló bá délé.

Folúkẹ́ ò fẹ́ lo oògùn náà. Ó ní ó korò, ara òun sì le koko. Àmọ́ bí àsìkò bá ti tó, Bàbá á ti dúró tì í pẹ̀lú ife omi.

"Gbé e mì níṣojú mi. Ohun tí wọ́n fi dù mí, o ò ní fi ṣòfò."

Lọ́jọ́ kan, Folúkẹ́ fi í pamọ́ sẹ́rẹ̀kẹ́. Bàbá wò ó títí, ó ní kí àwọn gbàdúrà. Ó gbàdúrà fún gbogbo Bàríga, títí kan àwọn apẹja inú ọ̀sà. Bí Folúkẹ́ ṣe ní kóun ṣe "àmín", oògùn jábọ́.

Nígbà tí wọ́n tún ìtọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, ó ti mọ́. Oṣù rẹ̀ pé, ó bí obìnrin, Bàbá sì sọ ọ́ ní Yétúndé. Ìgbà yẹn ni Adébọ̀dé, ọkọ Folúkẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé ibà ló pa ìyá òun, tòun ti oyún nínú. Títí ibà náà fi dé, kò sí ohun tó ń ṣe é.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni Bàbá sùn tí kò jí mọ́. Ẹlòmíràn á máa sọ ti oògùn. Àwọn ọ̀sán tí Bàbá ń tẹ́ ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ ni Folúkẹ́ ń rántí jù, tí oníbàárà á dé, tí á béèrè bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, tí Bàbá á sì gbé òòlù sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ìyá ń sùn."