Ọjọ́ tí Bámijókò Gun Òòyì

Ìjókòó ni iṣẹ́ Bámijókò. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, tí ó ti gbálẹ̀, tí ó ti rán àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé, orí àpótí kékeré níwájú òfì ni yóò lọ jókòó sí, yóò máa hun kíjìpá títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Aṣọ rẹ̀ ki dáadáa. Àgbẹ̀ lè wọ̀ ọ́ fún ọdún mẹ́wàá kí ó má fàya. Òjó ọkọ rẹ̀, tí ó ń dáko kòkó ní ọ̀nà Ìjàn, kì í wọ òmíràn lọ sóko. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ obìnrin yìí ti ń ti òwú bọ àárín òwú, inú afẹ́fẹ́ ni ọkàn rẹ̀ wà.

Ohun kan ṣoṣo ni ó wù ú láyé tí ọwọ́ rẹ̀ kò tí ì tẹ̀: kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Kí nǹkan gbé e, kí ó sọ ọ́ sókè, kí inú rẹ̀ ṣí wìì, kí ó sì tún gbé e padà wálẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ni kò gbà. Adéwùmí ni orúkọ ìyá náà, ṣùgbọ́n Yèyé ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó ti bí ọmọ mẹ́ta ṣáájú Bámijókò, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò dúró. Nígbà tí ó bí ìkẹrin, ó gbé e lé itan, ó ní, “Ìwọ, o ò ní í lọ. Bá mi jókòó.” Ó sì di orúkọ. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ṣòfin pé ẹsẹ̀ ọmọ yìí kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀. Kò gbọdọ̀ gun igi, kò gbọdọ̀ gun àkàbà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ sókè kí ó hán an bí a ti ń ṣe fún àwọn ọmọ yòókù. Nígbà tí Yèyé di onígbàgbọ́, tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, ó kó ọ̀pọ̀ nǹkan àtijọ́ dànù. Òfin yìí ní tirẹ̀, ó mú un wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí Bámijókò wà lọ́mọdé, igi oṣè kan wà lẹ́yìn ilé wọn tí àwọn ọmọdé so okùn mọ́, tí wọ́n ń fi ṣe jáńgírọ́fà. Ọmọ kan á jókòó sínú okùn, òmíràn á tì í láti ẹ̀yìn, ó di fìì lọ sókè, ó di fìì padà. Ẹni tí ń tini ni Bámijókò. Ó mọ bí a ti ń ti ojo, ó mọ bí a ti ń ti onígboyà. Òun náà ni ó ń lọ́ okùn fún wọn, nítorí okùn tí ó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde kì í já. Bí wọ́n bá ní, “Ìwọ náà bọ́ sínú rẹ̀,” á ní, “Yèyé mi ń wò mí.” Lóòótọ́ sì ni, Yèyé ń wò ó.

Báyìí ni ó ṣe dàgbà, tí ó lọ́kọ, tí ó bímọ, tí kò tí ì gun ohunkóhun.

Ọdún 1953 ni Gbádégẹṣin káfíńtà padà wálé láti Oǹdó. Ọkùnrin náà lè kan ilẹ̀kùn, ó lè kan bẹ́ǹṣì, ṣùgbọ́n ohun tí ó fẹ́ràn jù ni kí ó kan nǹkan tí yóò gbé ènìyàn. Wọn a máa fi orúkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́: “Gbádégẹṣin, adé dà? Ẹṣin dà?” Á ní, “Adé ò sí o. Ẹṣin ni mò ń kàn lọ́wọ́ yìí.”

Ní ọdọọdún, ní ọjọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde, gbogbo ìjọ a máa lọ sí Gálílì ní pápá tí ó wà nísàlẹ̀ àpáta. Wọ́n á jẹ, wọ́n á mu, wọ́n á ṣeré. Gbádégẹṣin ni ó ń pèsè ohun tí àwọn ènìyàn yóò gùn. Ní ọdún kìíní, jáńgírọ́fà gíga ni. Ní ọdún kejì, pákó gbọọrọ tí a gbé lé kùkùté, tí ẹni tibí ń lọ sókè bí ẹni tọ̀hún ti ń bọ̀ nílẹ̀. Ní ọdún kẹta, àga mẹ́fà tí ń pòòyì yí òpó ká.

Àwọn kan wà tí nǹkan wọ̀nyí ti wọ̀ lẹ́wù. Bí ìsìn ọjọ́ Ìsinmi bá ti parí, ìsọ̀ káfíńtà ni wọ́n ń gbà lọ. Wọ́n á jókòó sórí pákó, wọ́n á máa jiyàn lórí ohun tí ó yẹ kí Gbádégẹṣin kàn tẹ̀ lé èyí. Tísà Afọláyan, ọmọ Èmùré tí ó ń kọ́ni ní ilé-ìwé ìjọ, kì í gbẹ́yìn. Comfort ìyàwó rẹ̀ kì í gbẹ́yìn. Bámijókò ni ó máa ń kọ́kọ́ dé.

Ní ọjọ́ kan, Tísà mú àwòrán kan wá tí ó gé nínú ìwé ìròyìn. Àgbá irin ràgàjì kan ni, ó dúró lóòró, ó ga ju ilé alájà lọ, wọ́n so yàrá kéékèèké mọ́ ọn yí ká, àwọn òyìnbó sì jókòó sínú rẹ̀.

“Irú èyí gan-an,” ni Tísà wí. “Irú èyí ni kí o ṣe fún wa.”

“Irin dà?” ni Gbádégẹṣin bi í. “Òòlù mi yìí nìkan ni irin tí mo ní.”

Bámijókò gba àwòrán náà, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó wò ó títí. “Ìrànwú lásán ni,” ni ó wí.

“Kí ni?”

“Ìrànwú tí a fi ń ran òwú. Ẹ wo àárín rẹ̀. Bí igi ìrànwú bá tọ́, tí ara rẹ̀ sì wúwo dọ́gba, kò sí bí kò ṣe ní yí. Ẹ kàn gbé ìrànwú dùbúlẹ̀ ni, kí ẹ so àpótí mọ́ ọn.”

Gbádégẹṣin wò ó, ó wo àwòrán, ó tún wò ó. “Ìyá Ọlábísí,” ni ó wí fún Bámijókò, “ibo ni o ti wà látàárọ̀?”

Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbádégẹṣin rí ọ̀pá irin ìdí kẹ̀kẹ́ lára ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó ti di àlòkù ní ọ̀nà Ìsẹ̀. Ó la igi ìrókò, ó gbé e ní àgbélébùú, ó so àpótí kọ̀ọ̀kan mọ́ orí igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bámijókò ni ó lọ́ gbogbo okùn rẹ̀. Nígbà tí ó parí, wọ́n sọ ọ́ ní Òòyì, nítorí ẹni tí ó bá wò ó pẹ́ lásán, òòyì yóò kọ́ ọ.

Nígbà tí Mọ́ńdè Àjíǹde ọdún 1957 pé, Òòyì dúró gbagidi láàárín pápá. Àwọn àgbà ìjọ yí i ká, wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n ní ọmọdé kankan kò ní gùn ún àfi bí àgbàlagbà bá kọ́kọ́ gùn ún, kí wọ́n rí i. Gbádégẹṣin ní kò burú. Ó bọ́ sínú àpótí tí ó wà nísàlẹ̀, ọkùnrin mẹ́rin sì fi ọwọ́ yí igi títí àpótí rẹ̀ fi dé òkè pátápátá, wọ́n sì dì í mú síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Òòyì kì í yí bí kò bá dọ́gba. Àfi kí ẹlòmíràn jókòó sínú àpótí tí ó kọjú sí ti ẹni òkè kí àwọn ọkùnrin náà tó lè fi í sílẹ̀. Wọ́n wo Tísà. Tísà ní bàtà òun ń há òun lẹ́sẹ̀. Wọ́n wo Àkànní, àbúrò Gbádégẹṣin. Àkànní ti wà lẹ́yìn ìkòkò ìrẹsì, ó ń bá wọn ko iná tí kò kú.

“Àkànní!” ni Gbádégẹṣin kígbe láti òkè. “Àkànní, bá mi jókò! Ọwọ́ àwọn èèyàn yìí ti ń gbọ̀n! Bá mi jókò o!”

“Èmi rèé o!” ni ohùn obìnrin kan dáhùn.

Gbogbo pápá yíjú padà. Bámijókò ni. Láti ìgbà tí ó ti bí Ọlábísí, àkọ́bí rẹ̀, Ìyá Ọlábísí ni gbogbo ayé ń pè é, ẹnu Yèyé nìkan ni orúkọ rẹ̀ gangan kù sí. Nígbà tí ó gbọ́ ọ tí wọ́n pariwo rẹ̀ láti ojú ọ̀run báyẹn, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó jẹ́. Ẹ̀rín bú sílẹ̀.

“Kì í ṣe ìwọ ni ó pè,” ni Yèyé wí. Ó ti gbá etí ìró rẹ̀ mú. “Jókòó síhìn-ín, lórí ulẹ̀.”

“Ó ti jẹ́ ẹ!” ni Comfort kígbe. “Ìyá Ọlábísí ti jẹ́ ẹ! Ẹni tó bá jẹ́ ni yóò lọ!”

“Comfort, bí ó bá dùn mọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀, gbé ìdí tìrẹ lọ síbẹ̀.”

Comfort rántí pé òun ní ẹran tí òun fẹ́ gé.

Bámijókò kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀. “Yèyé, ọjọ́ tí ẹ sọ mí lórúkọ, kí ni ẹ ní kí n ṣe?”

“Mo ní kí o bá mi jókòó.”

“Ṣé ẹ ní kí n dìde dúró?”

“N kò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ wo inú nǹkan yẹn, Yèyé. Ibi ìjókòó ni ó wà níbẹ̀. Ìjókòó náà ni mo fẹ́ lọ jókòó.”

Ẹ̀rín fẹ́ gba ẹnu Yèyé, ó sáré fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kejì kò tú ìró sílẹ̀.

“Àwọn mẹ́ta,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi pé ọmọ rẹ̀ nìkan ni ó gbọ́. “Báyìí ni mo ṣe dì wọ́n mú. N kò tú ọwọ́. Wọ́n ṣì lọ.”

Bámijókò gbé ọwọ́ rẹ̀ lé orí ọwọ́ tí ó di ìró mú. “Mo mọ̀, Yèyé. Ṣùgbọ́n mo ti lé lógójì. Mo ti bí márùn-ún, ewú ti wà lórí mi. Bí mo bá fẹ́ lọ ni, ǹ bá ti lọ.”

Láti òkè, Gbádégẹṣin ké pé bí wọn kò bá tètè ṣe é, òun yóò já lulẹ̀, wọn yóò sì wá káfíńtà mìíràn tí yóò kan pósí òun.

Yèyé tú ọwọ́ sílẹ̀. Ó tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ dé ìdí Òòyì, ó dúró títí ó fi jókòó dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ó tú gèlè orí ara rẹ̀, ó fi gbá ọmọ náà mọ́ ẹ̀yìn àpótí, ó so ó ní kókó mẹ́ta, bí a ti ń fi ọ̀já gbá ọmọ mọ́ra. Ó fà á wò. Ó tún fà á.

“Ẹ yí i,” ni ó wí.

Wọ́n yí i. Ilẹ̀ fi Bámijókò sílẹ̀ wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ọmọ bá jẹun yó tí ó fi ọmú sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Orí àwọn ènìyàn di ìsàlẹ̀. Páànù ìlú ń dán yanranyanran, ọ̀nà Àkúrẹ́ tẹ́ sílẹ̀ bí okùn tí ẹnì kan gbàgbé, igbó kòkó ṣú dùdù lọ́hùn-ún. Àpótí dé òkè pátápátá, ó dúró díẹ̀, ó sì tún sáré gbé e wálẹ̀. Inú rẹ̀ kù sókè, ara rẹ̀ ń bọ̀ nílẹ̀. Ohùn kan ti ọ̀fun rẹ̀ jáde tí kì í ṣe igbe, tí kì í ṣe ẹ̀rín.

Bí àpótí ti kan ìsàlẹ̀, Yèyé na ọwọ́ fi kan etí àpótí náà. “Ó dé,” ni ó wí. Àpótí tún lọ, ọwọ́ Yèyé sì wà nínà bẹ́ẹ̀ títí ó fi padà. “Ó dé.”

“Ẹ dá a dúró!” ni Gbádégẹṣin ń ké. Ojú rẹ̀ dì pa. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró!”

“Ẹ má dá a dúró o!” ni Bámijókò ké láti òdìkejì.

Ohùn ti Bámijókò le ju tirẹ̀ lọ, òun ni àwọn ọkùnrin náà sì gbọ́.

Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ níkẹyìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Yèyé gbá a mú lápá, orí rẹ̀ ṣì wà ní òfìfo nínú oòrùn. “Kí lo rí?” ni ó bi í. “Ṣé o rí ulé mi?”

“Mo rí i, Yèyé. Páànù kan ti ṣí lẹ́yìn, lókè yàrá yín.”

“Mo sọ fún wọn! Mo ní ibẹ̀ ni òjò ń gbà wọlé, wọ́n ní arúgbó ń ṣèrànrán!”

Àwọn ọmọdé ti tò, wọ́n ń ti ara wọn. Àwọn àgbà jókòó sábẹ́ igi, ìjiyàn ọdún tí ń bọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ kí ìrẹsì tó jinná. Comfort fẹ́ èyí tí yóò ga ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Tísà fẹ́ èyí tí ẹ́ńjìnnì yóò máa yí. Gbádégẹṣin nà gbalaja sórí koríko, ó ní èyí tí kò ní kúrò lójú kan rárá ni òun fẹ́.

Bámijókò nawọ́ sí ìdagẹ̀rẹ̀ tí ó wà ní ẹsẹ̀ àpáta. “Kí á to igi méjì-méjì láti ibẹ̀ yẹn wá síhìn-ín. Kí àpótí gígùn kan ní kẹ̀kẹ́ nídìí, kí ó máa sáré bọ̀ lórí rẹ̀, kí ó já sínú kòtò yẹn gbì, kí eré rẹ̀ tún gbé e gun òkè kejì.”

“Orí rẹ ò pé,” ni Tísà wí tìfẹ́tìfẹ́.

“N kò gbà,” ni Yèyé wí.

Bámijókò sọ orí kọ́.

“N kò gbà,” ni Yèyé tún wí, “àfi bí ẹ bá fi ibi ìdìmú sí i. Méjì, lọ́tùn-ún lósì. Kí ẹ sì gbẹ́ ugi rẹ̀ kí ó tẹ́ẹ́rẹ́, kí ọwọ́ arúgbó lè ká a.”