Àwo Orin tí A Kò Gbọ́ Parí

Ilẹ̀kùn mẹ́fà ló wà nínú ọgbà tí a ń gbé ní Karmo, ní Abuja, ògiri tó wà láàrin wọn kò sì nípọn. Bí ẹnì kan bá ra àwo orin tuntun, gbogbo wa la jọ rà á. Orí fóònù ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ nísinsìnyí, kò sí àwo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n àwo la ṣì ń pè é. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, mo lè jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi láàárọ̀ Sátidé kí n sì mọ ohun tí olúkúlùkù ń gbọ́. Mẹkáníìkì ará Ọ̀ṣun tó wà lápá ọ̀tún wa ní fújì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, orin márùn-ún péré, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn tó ogún ìṣẹ́jú. Obìnrin ará Èkìtì tó wà lápá òsì, òṣìṣẹ́ ìjọba tó tún wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ń gbọ́ àwo orin ìyìn kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ìsìn, tí ìpàtẹ́wọ́ ìjọ ṣì wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin Haúsá tó ń wa kẹ̀kẹ́ láti Karmo sí Jabi ní àwo orin ìfẹ́ kan ní èdè rẹ̀, obìnrin ló kọ ọ́. N kò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ohùn obìnrin náà ti máa ń gòkè.

Ọjọ́ Àìkú la máa ń gbọ́ tiwa. Ọkọ mi, tó jẹ́ awakọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba kan, ló dá a sílẹ̀. Tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí a jẹun tán, yóò gbé sípíkà kékeré kan sórí tábìlì, a ó sì gbọ́ àwo kan láti orin àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fo orin. Ó ní ẹni tó ṣe àwo mọ ìdí tó fi to orin rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun a mú híláìfù tàbí fújì wá. Ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ọ̀kan ṣoṣo tí a bí, a mú ti àwọn ọ̀dọ́ wá, àwọn tó ń po Yorùbá àti Píjìn pọ̀ nínú orin kan. Wọn a sì jọ máa jiyàn.

"Dádì, èyí dáa ju fújì yín lọ."

"Ó dáa jù ú lọ níbo? Ọmọ tí ò tíì mí dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin."

Èmi kì í dá sí i. Mo máa ń rán ihò bọ́tìnnì sára aṣọ ilé ìwé tí mo ń tà ní ọjà Wuse, mo sì ń gbọ́. Mo rò pé wọ́n mọ̀ pé mò ń gbọ́.

Ìgbà òjò ni ọkọ mi kú. Àìsàn ọjọ́ mẹ́sàn-án ni. Nígbà tí a sin ín tán nílùú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Òṣogbo bá wa padà sí Abuja. Ó ní, "Ìyàwó wa, orin kò gbọdọ̀ dún nínú ilé yìí títí ogójì ọjọ́ á fi pé." Mo ní mo gbọ́, mà. Mo fi aṣọ wé sípíkà, mo gbé e sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ ọkọ mi. Ohun tí wọ́n bá ní kí n ṣe, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo máa ń ṣe é.

Kò pẹ́ tí mo fi ṣàkíyèsí pé gbogbo ọgbà ti dákẹ́. Kò sẹ́ni tó pe ìpàdé lórí rẹ̀. Fújì kò dún mọ́, orin ìyìn kò dún mọ́. Oníkẹ̀kẹ́ a wọlé, a ní "Sànnu, Màmá," a sì rọra ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kàn mi.

Ọjọ́ Sátidé ni ogójì pé. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ọmọ mi wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mọ́mì, ṣé a lè gbọ́ orin lónìí?"

N kò gbé ojú sókè. "Orin wo? Ṣé o ti gbàgbé bàbá ẹ kíákíá báyẹn ni?"

Láti ọjọ́ náà, "ẹ káàárọ̀, mà" àti "mo ti jẹun" ni ọ̀rọ̀ tó kù láàrin wa. Bó bá ti ilé ìwé dé, yóò ki íapíìsì bọ etí, kò ní yọ ọ́ títí yóò fi sùn. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pè mí lórí fóònù. Ó ní ọmọ náà ti bẹ òun pé kí òun jẹ́ kó wá parí ilé ìwé ní Òṣogbo, pé tí sáà yìí bá ti parí, ó ń bọ̀.

"Kí lo fi ṣe é, ìyàwó wa?"

Sáà ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìyàwó mẹkáníìkì gbé aṣọ ọmọ rẹ̀ tó ya wá fún mi. Ó gbé e sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ bi yín ní ọ̀rọ̀ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Sọ ọ́."

"Ìgbà wo lẹ máa gbọ́ orin?"

Mo wò ó. "Báwo?"

"Ọkọ mi ni o. Látìgbà tí bàbá ọmọ yín ti kú, inú mọ́tò oníbàárà ló ti ń gbọ́ fújì ẹ̀. Á ní òun ń yẹ ẹ́ńjìnnì wò. Oníbàárà kan ká a mọ́bẹ̀ níbi tó ti ń mi orí, ó ní, 'Ọ̀gá, ṣé mọ́tò mi lẹ̀ ń tún ṣe àbí orí yín?'" Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. "Oníkẹ̀kẹ́ náà, ó di ojú ọ̀nà Jabi kó tó gbọ́ tiẹ̀. Àǹtí Èkìtì ń kọrin láìjẹ́ kí ohùn jáde. Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló máa kọ́kọ́ tan orin nígbà tí ẹ̀yin ò tíì tan tiyín? Ẹ̀yin la ń dúró dè."

"Ogójì ọjọ́ ti kọjá tipẹ́."

"A mọ̀. A kà á. A ní bóyá ẹ fẹ́ ṣe é di ọdún kan ni."

Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é di ọdún kan. Ogójì ni wọ́n sọ. Èmi tí mo máa ń fi téèpù wọn aṣọ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gé e, èmi ni mo na ogójì kọjá ibi tí wọ́n fi í sí, tí mo sì fi dí gbogbo ọgbà lẹ́nu. Mo tún ti fi ẹnu ara mi sọ fún ọmọ mi pé ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ orin ti gbàgbé bàbá rẹ̀. Orin sì ni ohun tí òun àti bàbá rẹ̀ jọ ní.

Nígbà tí obìnrin náà lọ, mo yọ sípíkà jáde, mo fi iná mànàmáná sí i. Nígbà tó kún, mo tẹ̀ ẹ́. Ó tàn, ṣùgbọ́n n kò mọ bí wọ́n ṣe ń so ó mọ́ fóònù. Mo gbé e lọ bá ọmọ mi lórí ibùsùn rẹ̀. Báàgì ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ti ń kó ìwé sínú rẹ̀.

"Bá mi so ó," ni mo wí.

Ó yọ íapíìsì ní etí kan. "Kí lẹ fẹ́ gbọ́?"

"Ohun tí ìwọ ń gbọ́."

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Látìgbà yìí wá?"

Yorùbá kì í yá a lẹ́nu. Ó máa ń wá ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́. "Kò sí nǹkan nínú ẹ̀. Mo kàn fi sí etí ni. Àwo tí Dádì mú wá ní Sọ́ńdè yẹn, híláìfù yẹn… a gbọ́ mẹ́rin. Wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn, wọ́n lọ dùbúlẹ̀. Wọ́n ní kí n dá a dúró, ká má gbọ́ ìyókù láìsí àwọn. Mo dá a dúró. Mo fẹ́ bi yín bóyá ó dáa ká gbọ́ ọ parí. Ẹ wá ní mo ti gbàgbé wọn."

Mo jókòó tì í. Èmi náà wà nínú yàrá lọ́jọ́ Àìkú yẹn pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, n kò sì rántí pé mẹ́rin la gbọ́. N kò tilẹ̀ rántí pé híláìfù ni.

"Mo ṣẹ̀ ẹ́," ni mo wí. "Ìwọ kọ́ lo gbàgbé. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé tí orin bá dún, tó sì dùn mọ́ wa, á jẹ́ pé bàbá ẹ ti lọ pátápátá nìyẹn."

Ó gba sípíkà lọ́wọ́ mi, ó tẹ ohun kan lórí fóònù rẹ̀.

"Ṣé ká bẹ̀rẹ̀ láti ìkarùn-ún?"

"Bí o bá ṣe fẹ́."

"Láti àkọ́kọ́," ni ó wí.

Orin mẹ́sàn-án ni. Mo ká ọwọ́ mi sórí itan, n kò gbé abẹ́rẹ́. Nígbà tí ìkarùn-ún wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìpariwo, mo sì jẹ́ kó sun ún. Nínú ìkeje, mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an.

"Èyí ti gùn jù."

Ó yíjú sí mi. "Mọ́mì! Èyí ló dáa jù níbẹ̀. Ẹ ò mọ nǹkan kan nípa orin."

"Mo mọ̀ pé ó ti sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹfà."

"Ẹ̀ ń kà á?"

"Mo kà á."

Kí ìkẹsàn-án tó parí, fújì ti bẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀tún, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. N kò lè sọ pé inú mi dùn. Ẹni tó yẹ kó gbọ́ ìyókù àwo náà kò gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ti Wuse dé, mo gbọ́ ohùn ọmọ mi lórí fóònù láti ẹnu ọ̀nà.

"Àǹtí, ẹ má bínú, mi ò bọ̀ ní Òṣogbo mọ́… Rárá, wọn ò bá mi wí. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo pè yín… Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Tí mo bá lọ, wọn ò ní rí ẹni bá jiyàn."

Mo dúró síta pẹ̀lú ẹrù aṣọ lọ́rùn ọwọ́ títí ó fi kí i pé ó dàbọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo kan ilẹ̀kùn, bí ẹni pé nísinsìnyí ni mo dé.