Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọjọ́ Kan Lọ́dún

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni Notburga Zehetner fi ń jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ọdún. Ní gbogbo ọjọ́ tó kù, aránṣọ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ní ìlú Gmünd, níbi tí òtútù ti máa ń tètè dé tí kì í sì í fẹ́ lọ. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi rán aṣọ iṣẹ́ fún àwọn mẹkáníìkì ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti tì pa. Níbẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń pe èèyàn. "Mẹ́tàdínlógún, òwú rẹ ti já." "Mẹ́tàdínlógún, ìdí ṣòkòtò yìí wọ́." Mẹ́tàdínlógún ló ń jẹ́ títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn.

Ilé iṣẹ́ yẹn náà ló kọ́kọ́ gbé e dé Vienna. Wọ́n kó àwọn aránṣọ sínú bọ́ọ̀sì kan, wọ́n ní kí wọ́n lọ wo ilé àwòrán ńlá kí ojú wọn lè là. Àwọn yòókù wo yàrá méjì, wọ́n wá ibi kọfí lọ. Notburga, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nígbà náà, dúró níwájú àwòrán kékeré kan tí kò fẹ̀ ju àwo tí wọ́n fi ń gbé ife lọ. Obìnrin kan ló wà nínú rẹ̀, ó jókòó ti fèrèsé, ó ń bó ápù. Ó ti gbé ojú sókè díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè lórúkọ tí kò tíì dáhùn. Notburga kò mọ ẹni tó yà á, kò sì béèrè. Ó ṣáà mọ̀ pé òun fẹ́ tún rí ojú yẹn.

Lọ́dún kejì, òun nìkan ló padà lọ. Kí ẹnikẹ́ni má baà bi í pé kí ló ń wò, ó mú ìwé kékeré àti pẹ́ńsùlù dání, ó ń ka ojú abẹ́rẹ́, ìyẹn ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún, lára apá aṣọ obìnrin náà, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ yàrá yẹn, ọkùnrin onímú gígùn kan tó ń jẹ́ Ottokar Dworschak, wò ó títí. Ó rí obìnrin tó wọ kóòtù gidi, tó ń kọ̀wé níwájú àwòrán kan ṣoṣo fún wákàtí kan gbáko. Ní Vienna, ẹni tí a kò bá mọ oyè rẹ̀, ńṣe là ń bu oyè fún un. Oyè tó bá pọ̀ jù kì í bí ẹnikẹ́ni nínú, èyí tó bá kéré jù ló ń dá ìjà sílẹ̀. Dworschak bá wúkọ́ díẹ̀.

"Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa, Ọ̀jọ̀gbọ́n," ó ní. "Ìlà tó wà nílẹ̀ yẹn, àwọn tó ń jẹ búrẹ́dì kiri inú ilé la fà á fún. Kì í ṣe irú yín."

Ìtìjú ló kọ́kọ́ pa Notburga lẹ́nu mọ́. Kó tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọjá ìlà, ojú obìnrin náà sì ti wà níwájú rẹ̀ gan-an. Nígbà tó tún wá, ìtìjú náà ti fẹ́ di adùn. Nígbà tó máa fi di ọdún karùn-ún, kò tún sí bó ṣe lè sọ ọ́ mọ́. Irọ́ tí èèyàn kò pa, tó kàn gbà kó jókòó ti òun, òun náà máa ń ta gbòǹgbò.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá, Notburga á wọ ọkọ̀ ojú irin òwúrọ̀, á di kéèkì oní-èso dúdú ti agbègbè Gmünd sínú bébà fún ẹ̀ṣọ́ náà, á kọjá ìlà, á sì jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n títí di ìrọ̀lẹ́.

Ní ìgbà ooru tó kọjá, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti àárín. Bó bá wo aago, ògiri tó yí i ká ló ń rí, kò ní rí nọ́ńbà kankan. Bó bá wo Alois ọkọ rẹ̀, etí méjì àti fìlà ló ń rí. Dókítà ojú sọ fún un láìfi bò pé etí ìríran rẹ̀ á ṣẹ́ kù, àmọ́ àárín ń lọ, kò sì ní padà, bó bá sì fi máa di ọdún tó ń bọ̀, ohun tó kù níbẹ̀ náà á ti lọ. Notburga lọ sílé, ó gbé fọ́tò ìyá rẹ̀, ó ń dán an wò lójoojúmọ́. Ó rí i pé bí òun bá gbé e sún mọ́ ojú tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, tí òun sì yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí adìẹ tó ń wo ọkà, ojú ìyá òun á yọ létí fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ni gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù fún un. Ó fẹ́ rí ojú obìnrin alápù yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kó rí i dáadáa, kó sì gbé e pamọ́ sórí títí tó fi máa kú.

Alois ló fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ibùdó rélùwéè láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ń wakọ̀, ó ń kùn.

"Obìnrin yẹn ò tíì bó ápù kan tán láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Èwo ni kí o máa lọ wò ó?"

"Ìwọ náà ń wo bọ́ọ̀lù ní gbogbo Sátidé."

"Bọ́ọ̀lù máa ń yí, Burgi."

"Nínú ẹgbẹ́ tìẹ kẹ̀? Mi ò rí i kó yí rí."

Alois rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dé ibùdó, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dì í lápá mú títí dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, ohun tí kò ṣe rí. "Ṣé kí n bá ọ lọ ni?" ó ní. Notburga ní rárá. Bó bá bá a lọ, á gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Àtẹ̀gùn ilé àwòrán náà funfun, ó sì gbòòrò, etí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dà rú mọ́ èkejì. Ọwọ́ ló fi wá a gùn. Ó ka yàrá mẹ́fà, ó yà sọ́tùn-ún, ó sì gbọ́ ohùn Dworschak kó tó mọ ibi tó dúró sí.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n mi. Mo ti ń sọ pé bóyá wọ́n ti sin yín láìpè mí."

"Àtẹ̀gùn yín ló ń ga sí i."

"Àtẹ̀gùn kọ́, ọjọ́ orí ni. Orúnkún tèmi náà ń ké bí ilẹ̀kùn. Tó bá di Kérésì, màá kó o lọ sílé, kó máa lọ ké fún ìyàwó mi. Wọ́n ní kí n wá sinmi." Ó gba kéèkì náà, ó gbóòórùn rẹ̀. "Àná, ẹnìkan bi mí bóyá ojúlówó ni àwọn àwòrán wọ̀nyí, àbí a kó ojúlówó pamọ́. Mo ní, ọ̀gá, ẹ̀ṣọ́ nìkan ni ayédèrú níbí."

Notburga rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Dworschak sáré na ọwọ́ síwájú rẹ̀, àmọ́ tìtìjú tìtìjú ló fi ṣe é.

"Ẹ má bínú sí mi. Òfin tuntun ti dé. Ẹnìkan fi ọwọ́ kan àwòrán kan ní yàrá kẹsàn-án nígbà ìrúwé. Ẹni tó bá máa kọjá ìlà báyìí, ó ní láti kọ orúkọ àti oyè àti ilé ẹ̀kọ́ gíga rẹ̀ sínú ìwé orí tábìlì yìí. Wọ́n á pe ilé ẹ̀kọ́ náà láti wádìí. Fún irú yín, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ."

Ó ti kálámù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Notburga wo ìwé náà. Ó rí etí tábìlì, ó rí ẹsẹ̀ àga kan. Ìwé kò sí níbẹ̀.

"Mo gbàgbé awò ojú mi," ó ní.

"Kò tó nǹkan. Ẹ máa pè é, èmi á máa fi kálámù tèmi kọ ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Zehetner. Mo ti kọ ìyẹn. Ilé ẹ̀kọ́ gíga wo?"

Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Yunifásítì Graz á dùn ún pè, ó sì jìnnà. Kí wọ́n tó pe Graz, kí Graz tó dáhùn, òun á ti rí ojú yẹn, òun á ti wọ ọkọ̀ lọ sílé. Kò ní padà wá mọ́ láé, ta ni wọ́n máa mú?

"Ta ló ń buwọ́ lù ú nísàlẹ̀?" ó béèrè.

"Èmi ni. Èmi ni mo jẹ́rìí pé mo mọ̀ yín."

Notburga gbé kálámù náà lé tábìlì. Ó ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù.

"Ọ̀gbẹ́ni Dworschak, ẹ fa igi lé e. Èmi kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n."

Ọkùnrin náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Àwọn tó mọ̀wé gan-an ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Aránṣọ ni mí. Aṣọ iṣẹ́ ni mo ń rán. Ojú abẹ́rẹ́ apá aṣọ rẹ̀ ni mò ń kọ sínú ìwé nígbà yẹn."

"Aṣọ iṣẹ́?"

"Ti àwọn mẹkáníìkì."

Notburga wo ibi tí ojú ọkùnrin náà yẹ kó wà. Kọ́là aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ àti etí pupa kan nìkan ló rí, kò lè mọ̀ bóyá ó ń bínú.

"Ìyàwó mi mọ̀ yín," Dworschak wá sọ nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ sì ti yàtọ̀. "Tí oṣù kọkànlá bá ti dé, á ní, 'Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ ti wá?' Ọmọ mi lọ sí yunifásítì. Ẹ̀yin ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún un. Mo ní, wo obìnrin yẹn, ó mọ ohun gbogbo tán, síbẹ̀ ó ṣì ń padà wá kọ́ ọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mi ò bínú." Ó fa ìlà sórí ohun tó kọ. Kálámù náà dún lórí bébà. "Ẹ padà sẹ́yìn ìlà, màdáámù."

Notburga padà sẹ́yìn ìlà. Láti ibẹ̀, férémù wúrà nìkan ló ń rí, yípo yípo, àárín rẹ̀ ṣófo bí àwo tí wọ́n ti jẹ tán. Ó yí orí sósì, ó yí i sọ́tùn-ún. Àwọ̀ ilẹ̀ kan fò kọjá létí ojú rẹ̀, ó sì pòórá. Ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́, títí ọrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Lẹ́yìn náà, ó sọ ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ní Vienna.

"Ojú mi ti lọ, Ọ̀gbẹ́ni Dworschak. Mi ò rí i láti ibí. Ẹ bá mi wò ó, kí ẹ sọ fún mi."

Ó gbọ́ tí orúnkún ọkùnrin náà ń ké bọ̀. Ó dúró nítòsí rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Kí n sọ òótọ́ tèmi náà. Mi ò wo àwòrán yìí rí. Ọwọ́ àwọn èèyàn ni wọ́n ń sanwó fún mi láti máa wò. Ọdún márùndínlógójì, ọwọ́ nìkan ni." Ó tẹ̀ síwájú. "Ó dáa. Obìnrin kan nìyí. Ó jókòó. Ó ń bó ápù."

"Ìyẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ojú rẹ̀ ni."

"Ó gbé e sókè díẹ̀. Ó..." Ó ronú, nítorí kò fẹ́ ṣì í sọ. "Ó ti rẹ̀ ẹ́."

"Kò rẹ̀ ẹ́."

"Èmi ni mò ń wò ó, ìyá. Abẹ́ ojú rẹ̀ dúdú. Ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ lápá kan. Bí ìyàwó mi ṣe máa ń rí nìyẹn tó bá ti ibi iṣẹ́ dé."

"Ṣé kò jọ pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é?"

Dworschak wò ó pẹ́. Ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́, Notburga gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀.

"Ta ni ì bá pè é?" ó ní. "Òun nìkan ló wà nínú ilé náà."

Àwọn ọmọ ilé ìwé ya wọ yàrá, ariwo bàtà gba gbogbo ibẹ̀. Dworschak ní kó dúró de òun, ó sì lọ ṣọ́ ọwọ́ wọn. Notburga kò dúró. Ó ka yàrá mẹ́fà padà, ó di ọwọ́ àtẹ̀gùn mú, ó sọ̀ kalẹ̀.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú tán nígbà tí ọkọ̀ ojú irin gbéra. Ó jókòó ti fèrèsé, ó pa ojú dé, ó sì pe obìnrin náà wá sí ọkàn rẹ̀. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló ti ń ṣe é, nídìí ẹ̀rọ, nídìí ààrò, kò sì já a kulẹ̀ rí. Fèrèsé wá. Ápù wá, àti apá aṣọ náà pẹ̀lú gbogbo ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ojú wá, abẹ́ rẹ̀ dúdú, ẹnu rẹ̀ sì wálẹ̀ lápá kan.

Ó sọ pé rárá. Ó dúró títí ọkọ̀ fi kọjá ibùdó Tulln, ó tún un pè. Ojú tó rẹ̀ náà ló tún wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bóyá bó ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tí òun kàn ń fi tòun kún un. Kò sí ẹni tó lè bi, kò sì sí ojú tó máa fi lọ wò ó. Ní Eggenburg, ó pè é jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fọgbọ́n tan ọmọdé. Ní Göpfritz, kò pè é mọ́, nítorí ó ti rí i pé ìgbàkígbà tí òun bá ti pè é, ojú tí Dworschak sọ yẹn ló ń hàn kedere sí i.