Ìka Ẹsẹ̀ Uncle Obed àti Ọ̀nì Louisiana

Wọ́n ní ọ̀nì ti jẹ ìka ẹsẹ̀ Uncle Obed méjì. Inú àbàtà kan ní Louisiana, lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ní ó ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Uncle nígbà náà, ó jókòó sétí omi, ó ń tẹ akọ́díọ̀nù, orin náà sì wọ ọ̀nì lára débi pé ó gòkè wá gbọ́ ọ. Ìgbà tí orin parí tí Uncle kò mú òmíràn ni inú bí ọ̀nì. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ní, kò lè wọ bàtà tẹ akọ́díọ̀nù mọ́.

Obìnrin òyìnbó kan tiẹ̀ sọ ìtàn náà fún mi ní ṣọ́ọ̀bù bàtà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Powis Street, ní Woolwich ní London, bí mo ṣe kúnlẹ̀ tí mo ń wọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò mọ̀ pé àbúrò ìyá mi lòun ń sọ. Mo wò ó lójú, mo ní, "Méjì péré? Mẹ́ta ni èmi gbọ́." Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì fi máa pé, ó ti di mẹ́ta káàkiri Woolwich. Ẹ̀bi mi kọ́. Ẹsẹ̀ ni mo ń wọ̀n ní tèmi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo ń pe Uncle ní "ó". "Wọ́n" ti pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó ń parọ́ ni mo fi í fún.

Obed Adégbọlá ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tó dé London ní 1974, ó ní ẹ̀kọ́ ìṣirò owó lòun wá kọ́. Ìwé tó rà ṣì wà nílé: ó fi gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kan tó kúrú, bẹ́ẹ̀dì náà sì dúró dáadáa, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé ìwé náà kò wúlò. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan lẹ́bàá Abbey Wood ló ti rí iṣẹ́. Ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń wọṣọ fún wọn, ó ń fún wọn ní tíì mu. Tí inú àwọn arúgbó náà bá dùn, "Nurse" ni wọ́n ń pè é. Tí kò bá dùn, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tún un sọ.

Ọjọ́ Sunday nìkan ni Uncle máa ń di èèyàn ńlá. Ìjọ Aládùúrà wa ń ṣe ìsìn nínú gbọ̀ngàn kan tí a háyà nítòsí Tavy Bridge ní Thamesmead. A kò ní ọ́gáànù. Akọ́díọ̀nù pupa kan ni a ní, tí gbogbo ìjọ dá owó rà, ọ̀dọ̀ Uncle ló sì ń gbé nítorí pé ọ̀rinrin gbọ̀ngàn yẹn lè pa á. Ìjọ ló ni ín. Uncle ló ń gbá a mọ́ra bí ọmọ. Ìjẹ̀bú-Igbó ló ti kọ́ ọ láti ọmọ ọdún méjìlá, láìwọ bàtà, nítorí bàtà kì í wọ ilé àdúrà wa. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ló ń pa ìlù fún un mọ́lẹ̀. Tó bá wọ bàtà, ọwọ́ rẹ̀ máa ń dà bí ọwọ́ ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ tó ń bó ẹyin. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì Thamesmead kì í ṣe ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ó tutù bí ẹja inú fíríìjì. Ni ìyàwó rẹ̀, Auntie Àpèkẹ́, bá hun ìbọ̀sẹ̀ funfun kan fún un, ó nípọn débi pé o ò ní mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ló wà nínú rẹ̀ tàbí búrẹ́dì.

Ní àsìkò ooru 1990, Uncle ń ṣe ìdánrawò nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta fúláàtì rẹ̀ ní South Thamesmead, níwájú adágún omi, nítorí pé aládùúgbò rẹ̀ ti gbá ògiri títí ọwọ́ fi ń dùn ún. Apínlẹ́tà kan tó ń jẹ́ Terry ń kọjá. Ó dúró, ó gbé àpò sílẹ̀. Ó béèrè níbi tí Uncle ti kọ́ orin Cajun. Uncle ní kí ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Terry wá ṣàlàyé pé orin àwọn ọmọ Faransé tó tẹ̀dó sí ilẹ̀ àbàtà Louisiana ni, akọ́díọ̀nù àti fáyólìn ni wọ́n fi ń ṣe é, òun sì ní ẹgbẹ́ olórin kan tó ń ṣe é ní ilé ọtí kan ní Woolwich ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Akọ́díọ̀nù nìkan ni kò sí. Uncle ní orin ìdúpẹ́ lòun ń tẹ̀. Terry ní kò burú, kó máa dúpẹ́ bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Uncle mi ṣe di olórin Cajun. Kò gbọ́ Faransé, Terry náà kò gbọ́, àwọn tó ń wá gbọ́ wọn kò gbọ́ rárá. Yorùbá ni Uncle ń kọ, wọ́n sì gbà pé Faransé àtijọ́ ni. Ní Sátidé kan tó ti sọ kọ́kọ́rọ́ ilé nù, tó mọ̀ pé Auntie Àpèkẹ́ máa pariwo, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an ló kọ lórin: ta ló bá mi rí kọ́kọ́rọ́ o, ẹ dá a padà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ìyàwó mi gbọ́. Obìnrin kan níwájú bú sẹ́kún. Ó sọ fún mi pé òun gbọ́ ìyà gbogbo àwọn ará àbàtà nínú ohùn yẹn. Mo ní òótọ́ ni, pé ìyà náà ṣì ń dúró dè é nílé.

Bàtà tún wá dá kún un. Bí Uncle ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì náà ló ṣe níbẹ̀: ó bọ́ bàtà, ó fi ìbọ̀sẹ̀ gun orí pèpéle. Ẹnì kan ní kí ló dé. Ẹlòmíràn tí kò mọ nǹkan kan ní, "Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀." Kí oṣù méjì tó pé, ìdajì àwọn tó wà nílé ọtí náà ti ń bọ́ bàtà tiwọn sẹ́nu ọ̀nà, òórùn sì gba gbogbo ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ìtàn ọ̀nì ti wọlé: wọ́n ní ó ní ohun tí ìbọ̀sẹ̀ yẹn ń bò.

Uncle kò sọ pé ará Louisiana lòun. Terry ló tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìpolówó ní 1991: "Obed, tààrà láti inú àbàtà Louisiana." Nígbà tí Uncle rí i, ó bínú fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ọ̀sán Sátidé yẹn, èèyàn kún ilé ọtí dé ojú títì, gbogbo wọn ń pe orúkọ rẹ̀. Ìbínú bá yọ́. Nígbà tí Auntie Àpèkẹ́ bi í léèrè, ó ní òun ò purọ́, òun kàn dákẹ́ ni.

Auntie fi orúkọ ọmọ wọn pè é, ó ní, "Daddy Ọ̀rẹ́, irọ́ tó dákẹ́, oorun ló ń sùn. Ó máa jí."

Ó sun oorun ọdún méjì. Mummy Ọlábímpé ló jí i. Ìyá Ìjọ wa ni wọ́n, èmi ò sì láyà láti pe àwọn ní "ó"; wọ́n ń tún ọ́fíìsì ṣe ní Woolwich láàárọ̀, wọn kì í sì í kọjá lára ìwé kankan láìkà á. Wọ́n já ìpolówó náà lára òpó ní Powis Street, wọ́n ká a sínú Bíbélì, wọ́n sì ṣí i lẹ́yìn ìsìn Sunday níwájú Uncle. Wọn kò pariwo. Wọ́n béèrè bóyá Louisiana ti di àdúgbò kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Wọ́n ní, "Obed, ilé ọtí kọ́ ló ń dùn mí. Jésù bá ọlọ́tí jẹun. Ṣùgbọ́n ohun èlò Ọlọ́run kò gbọdọ̀ jókòó lórí irọ́. Lọ fi ẹnu ara rẹ sọ òtítọ́ níwájú wọn, tàbí kí o dá akọ́díọ̀nù padà."

Uncle kò jẹun ní ọjọ́ yẹn. Ẹ rí i, tó bá dákẹ́, akọ́díọ̀nù lọ. Tó bá sọ̀rọ̀, bóyá ilé ọtí ló máa lọ, Sátidé á di ọjọ́ tí wọ́n ń pè é ní Nurse. Mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo wo ojú rẹ̀, mo fi sílẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ lè burú tán, Terry ti ránṣẹ́ pe ojúlówó. Bàbá kan tó ń jẹ́ Alcide, ọmọ Louisiana gan-an, wá kí ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní London, Terry sì bẹ̀ ẹ́ kó wá ṣeré ní Sátidé tó ń bọ̀. Ilé ọtí kún fọ́fọ́. Mummy Ọlábímpé jókòó níwájú nínú aṣọ funfun wọn, oje ọsàn wà lọ́wọ́ wọn, kò sì sẹ́ni tó láyà láti mu sìgá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Bàbá Alcide wọlé pẹ̀lú táì àti bàtà dúdú tó ń dán. Mo mọ bàtà. Bàtà gidi ni. Awakọ̀ tó ń gbé ọmọ ilé ìwé ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní kí wọ́n fún òun ní tíì. Ó jókòó gbọnrangandan, ó tẹ akọ́díọ̀nù tirẹ̀, kò mi orí, kò gbá ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Orin náà mọ́, ó dùn dé eegun. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n fún ní oògùn kíkorò mu. Ọkùnrin kan tó dé fìlà koríko, tó so eyín ọ̀nì oníke mọ́ ọrùn, rọra sọ fún mi pé Bàbá yẹn ti pẹ́ jù nígboro.

Ó wá kan Uncle. Ó dúró nínú ìbọ̀sẹ̀, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ gbọ́ mi. Èmi kì í ṣe ará Louisiana. Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n bí mi sí, ní Nàìjíríà. Ilé àwọn arúgbó ni mò ń ṣiṣẹ́. Akọ́díọ̀nù yìí, ti ṣọ́ọ̀ṣì wa ni."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fọn fèrè. Onífìlà koríko nu omijé ojú, ó ní bí àwọn ará àbàtà ṣe máa ń dápàárá nìyẹn.

Uncle yíjú sí Bàbá Alcide. Ó bẹ̀ ẹ́ kó bá òun sọ fún wọn. Bàbá dìde, ó ní òtítọ́ ni ọkùnrin yìí sọ, pé òun kò rí ẹni tó ń fi ìbọ̀sẹ̀ ṣeré rí láyé òun. Onífìlà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti rí ọ̀nì rí. Bàbá ronú. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan, nígbà tí òun mú àwọn ọmọ-ọmọ òun lọ sí ọgbà ẹranko. Gbogbo ilé mí kanlẹ̀, wọ́n ń wo bàtà rẹ̀ tó ń dán. Mo rí i kedere: lójú wọn, Bàbá Alcide ni ayédèrú.

Bàbá náà kò bínú. Ó bi Uncle léèrè ta ló kọ́ ọ láti máa ti akọ́díọ̀nù bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn. Uncle ní ọ̀gá akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni. Bàbá ní kó tún un ṣe kí òun gbọ́, àwọn méjèèjì sì jọ tẹ orin ìdúpẹ́ títí tíì fi tutù.

Gbogbo wa ń wo ẹnu Mummy Ọlábímpé. Wọ́n mu oje ọsàn wọn tán. Wọ́n ní, "Ó ti jẹ́wọ́. Ọlọ́run gbọ́, èmi náà gbọ́. Ẹni tí kò gbọ́, kó lọ tọ́jú etí ẹ̀." Akọ́díọ̀nù bá Uncle padà sí Thamesmead.

Mummy Ọlábímpé pàṣẹ fún Terry kó yí ìpolówó rẹ̀ padà. Terry yí i padà: "Obed ní òun kì í ṣe ará Louisiana. Ẹ wá wò ó fúnra yín." Mummy kà á lẹ́ẹ̀mẹta, wọn kò rí irọ́ kankan níbẹ̀. Àwọn èrò wá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nígbà tí 1995 fi máa dé, ìka ẹsẹ̀ tí ọ̀nì jẹ ti di mẹ́rin, nítorí pé ẹni tó ń sẹ́ báyìí, wọ́n ní, ìyà tó jẹ ẹ́ ló pọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, ẹ̀yìn dun Uncle níbi tó ti ń gbé arúgbó kan, kò lè tẹ̀ ba, Auntie Àpèkẹ́ sì wà níbi iṣẹ́. Èmi ni mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, tí mo gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀. Mẹ́wàá ni mo gé.