Kọ́kọ́rọ́ Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Màdáámù

Nígbà tí Màdáámù tó ni ilé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Awóyáyà dé láti ibi tí wọ́n ti lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣàkóso, wọ́n gbé àtẹ ńlá kan kọ́ sára ògiri. Àpótí lórí àpótí ló wà lára rẹ̀: Màdáámù lókè téńté, ọ̀gá ilé ìwé tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà igbákejì, lẹ́yìn náà olórí ẹ̀ka. Àwa tíṣà wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ìgbálẹ̀ ti ń kan àtẹ náà.

“Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fo ẹnikẹ́ni mọ́,” ni wọ́n wí. “Ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ máa gun àkàbà.”

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo rí i pé kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn ti ń há. Mo bá sọ fún wọn.

“Àǹtí, ta ló wà lókè ẹ lára chart yẹn?”

“HOD ni, Mà.”

“Ehn, lọ sọ fún HOD.”

Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo lọ. Olórí ẹ̀ka ní òun á gbé e sókè, ó sì gba ìsinmi lọ sílé.

Ọjọ́ wá pé tí àwọn aláyẹ̀wò ìjọba máa wá wò ó bóyá a lè ṣí ilé ìwé girama. Ọjọ́ pípẹ́ ni Màdáámù ti ń lé girama yìí. Bí àwọn àlejò ò bá bá wọn nílé ìwé, ó bùṣe. Mo ń kọjá lọ lẹ́nu ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, mo gbọ́ gbì, gbì, gbì. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀.

“Ta nìyẹn? Ṣílẹ̀kùn jọ̀ọ́! Àwọn inspector ti wà ní gate!”

Mo kúnlẹ̀ fún ilẹ̀kùn. “Mà, HOD ṣì wà ní leave o. Ṣé kí n fò wọ́n?”

“Àǹtí! Jẹ́ n kọ́kọ́ jáde níbí ná!”

Mo sáré lọ pe káfíńtà láti ilé tí wọ́n ń kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó yọ ilẹ̀kùn náà látìdí. Màdáámù nu ojú, wọ́n tún gèlè wé, wọ́n sì rọra lọ pàdé àlejò.

Àtẹ yẹn wu àwọn àlejò. “Mà, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?”

“Perfectly, sà.” Ẹ̀yìn wọn ni káfíńtà ń gbé ilẹ̀kùn gbà kọjá. Ilẹ̀ ni mo ń wò, kí ẹ̀rín má baà pa mí.

A rí àṣẹ girama gbà. Nígbà tí olórí ẹ̀ka dé, ọ̀rọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gun àkàbà. Nígbà tó yá, èsì sọ̀kalẹ̀ láti àpótí dé àpótí, ó kàn mí:

“Màdáámù ní wọ́n ti yẹ kọ́kọ́rọ́ yẹn wò. Kò ní wàhálà kankan.”

Kọ́tìnnì ló wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà nígbà yẹn.